Mẹ́rin ni Mo Tẹ̀ Sí I

Láìpẹ́ yìí, mo gbọ́ ọkùnrin kan lórí rédíò tó ń fi ohùn dídùn ṣàlàyé pé ẹ̀rọ kan ti dé báyìí tó ní làákàyè bí ènìyàn. Ó ní bí èèyàn bá ti ro àìsàn rẹ̀ fún un tán, ẹ̀rọ náà yóò sọ ohun tó ń ṣe é, yóò sì sọ oògùn tó yẹ kó lò, kí dókítà tó jí lójú oorun. Ó ní irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Mo pa rédíò. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ó ṣẹlẹ̀ ní Ring Road, nílùú Ìbàdàn níbí, láàárín àwọn ọdún 1990, èmi gan-an ni mo sì jókòó síwájú rẹ̀ tí mo ń tẹ̀ ẹ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lógún ọdún díẹ̀ ni nígbà náà. Òkè Àdó là ń gbé. Bàbá mi ti kú, ìyá mi sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí títì, níbi tí wọ́n ti ń ta òwú, bọ́tìnnì, síìpù àti abẹ́rẹ́ máṣíìnì fún àwọn télọ̀. Èmi ni àkọ́bí wọn, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Àbúrò mi obìnrin tẹ̀ lé mi, ọkùnrin méjì sì tẹ̀ lé e. Mo kọ́ táípù, mo tún lọ kọ́ kọ̀ǹpútà fún oṣù mẹ́ta nínú ilé òkè kan ní Agbowó, níbi tí àwa mẹ́fà ti ń pín ẹ̀rọ kan lò. Oṣù mẹ́ta yẹn péré ti tó láti sọ mí di ẹni tó ń fi imú sọ̀rọ̀ sí ará àdúgbò.

Dókítà tó ni ilé ìwòsàn tí mo ti rí iṣẹ́ ti pẹ́ lókè òkun. Àwọn mìíràn a máa kó ọgbọ́n bọ̀ láti ibẹ̀; òun, kọ̀ǹpútà ló gbé bọ̀. Ó ní wọ́n ti kó ìmọ̀ àwọn ògbóǹtarìgì oníṣègùn sínú ẹ̀rọ náà, kó lè máa ronú bíi tiwọn, kó sì máa mú àìsàn bí ológbò ṣe ń mú eku. Nígbà náà, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, "ẹ" ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ti dàgbà kọjá ìyẹn.

Yàrá tó dára jù nínú ilé náà ni wọ́n fi jíǹkí ẹ̀rọ. Yàrá ìgbẹ̀bí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, kọ̀ǹpútà ní in. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù sílẹ̀, wọ́n ta kọ́tìnnì méjì sójú fèrèsé, wọ́n sì ra jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gba ẹ̀rọ sílẹ̀ bí iná bá lọ. Nítorí eruku, gbogbo aláìsàn gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rántí àwọn arúgbó tí ibà ń ṣe, tí wọ́n jókòó láìwọ bàtà nínú otútù yẹn, tí eyín wọn ń gbá ara wọn, kí ara ẹ̀rọ má baà gbóná. Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá ló ń gbọ̀n, ẹni tí kò ní ara rárá là ń tọ́jú.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ̀rọ á gbé ìbéèrè jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà aláwọ̀ ewé lórí ojú dúdú. Èmi á sọ ọ́ di Yorùbá fún aláìsàn, aláìsàn á dáhùn, èmi á tẹ ìdáhùn rẹ̀ wọlé. Bí ìbéèrè bá ti tó nǹkan bí ogójì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro, á sì bi bébà oníhò létí jáde. Orúkọ àìsàn á tò síbẹ̀, èyí tó ṣeé ṣe jù lókè, èyí tí kò dájú nísàlẹ̀. Dókítà á buwọ́ lù ú, á kọ oògùn. Kó tó di pé ẹ̀rọ dé, ó kéré tán, ó máa ń fọwọ́ tẹ ikùn aláìsàn wò. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ dé, bébà ló ń tẹ̀.

Àwọn ará ìlú ńkọ́? Àwọn èèyàn tó jẹ́ pé bí dókítà bá ní kí wọ́n wá lọ́la, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa wá, wọ́n wá ń dúró láti ìdájí kí kọ̀ǹpútà lè bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn àgbàlagbà wọlé, wọ́n kí ẹ̀rọ náà, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá agbaṣẹ́ṣe kan láti Bódìjà fa aga sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí n bá òun bi í bóyá ọkọ ọmọ òun ṣeé fọkàn tán. Oníṣòwò kan ní Dùgbẹ̀ gba bébà tirẹ̀, ó gbé e lọ fi gíláàsì dè, ó sì gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọjọ́ tó ti Mẹ́kà dé. Ohun tó wà nínú bébà náà kò ju pé ó ní ibà, kò sì sùn tó. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú.

"Ẹ̀rọ kì í purọ́," bẹ́ẹ̀ ni Dókítà máa ń wí fún gbogbo wọn. Ó tilẹ̀ ní kí n táípù rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo ṣe é pẹ̀lú ayọ̀.

Kí n sọ òótọ́, kò sí ohun tó nira tó kéèyàn bi Yorùbá léèrè àìsàn lọ́nà tí ẹ̀rọ yẹn fẹ́. Ìbéèrè kìíní ni pé báwo ni ara rẹ. Ta ló máa dáhùn ju pé a dúpẹ́ lọ? Ibo ló ń dùn ọ́? Gbogbo ara. Láti ìgbà wo? Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan, tó túmọ̀ sí oṣù mẹ́fà. Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́? Wọ́n á ní ọdún tí wọ́n ṣí ilé ẹjọ́ kan báyìí ni wọ́n gbé àwọn lọ sílé ọkọ, kí n bá wọn ṣírò rẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín wọn nínú. Mo ka gbogbo wọn sí ará oko.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó le ju gbogbo wọn lọ. Ẹ̀rọ fẹ́ mọ iye ọmọ tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ti bí. Bí mo bá ti bi wọ́n, ojú wọn á yí padà. A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, ọlọ́mọ pàápàá kì í kà wọ́n síta. Àwọn kan á ní Ọlọ́run ló mọ iye wọn. Àwọn kan á ní wọn ò pọ̀, wọn ò sì kéré. Ìyá kan tó wá láti Agbowó mú àpò rẹ̀, ó dìde, ó bi mí ta ló rán mi pé kí n wá ka ọmọ òun, ó sì jáde láìwo ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ ní tirẹ̀ kò gbọ́ àlàyé. Bí kò bá rí nọ́ńbà, kò ní lọ síwájú, á kàn máa ṣẹ́jú wò mí bí ẹni tó ní sùúrù títí ayé.

Èmi ni mo wá ọgbọ́n dá. Nígbà yẹn, ìjọba ti ń kéde káàkiri pé ọmọ mẹ́rin tó fún obìnrin kan. Ó dáa náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ mẹ́rin fún gbogbo wọn, láìbéèrè. Ìyá àgbà tó bí mẹ́wàá, mẹ́rin. Ìyàwó tuntun tó ń tijú, mẹ́rin. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé mélòó ló ti kú nínú wọn. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi bi ìyá olóyè ní irú ìbéèrè yìí nínú yàrá tútù, tí àwọn tó ń dúró níta ń gbọ́? Mo ń tẹ òdo. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fẹ́ mọ bí ọmọ tó tóbi jù ṣe wúwo tó nígbà tí wọ́n bí i. Ìyẹn ṣeé fò, nítorí náà mo ń fò ó. Lójú ẹ̀rọ wa, kò sí obìnrin kan nílùú Ìbàdàn tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nílé ìwòsàn ìjọba. Ìyá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Bí aláìsàn bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á kí i títí, wọ́n á béèrè ilé, wọ́n á béèrè ọjà, wọ́n á ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, wọ́n á gbóòórùn ẹnu rẹ̀, wọ́n á ní kó nasẹ̀. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gún abẹ́rẹ́ nìkan, kí wọ́n yé fi àkókò ṣòfò. Mo gbà pé ó tọ̀nà. Mo máa ń wo Ìyá Nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ iṣẹ́ wọn nítorí otútù, mo sì ń rò ó pé ayé ti fi wọ́n sílẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú fáìlì wọlé wá, wọ́n sì dúró sẹ́yìn mi bí mo ṣe ń tẹ mẹ́rin fún obìnrin kan tí mi ò bi ní nǹkan kan. Wọ́n dúró títí obìnrin náà fi jáde.

"Ẹ̀rọ yìí kì í purọ́ lóòótọ́," ni wọ́n wí. "Ìwọ lò ń bá a pa á."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nígbà oúnjẹ ọ̀sán, àwọn náà rẹ́rìn-ín. A ní ìlara ló ń da ìyá náà láàmú.

Ní ọdún kejì tí mo débẹ̀, ààwẹ̀ bọ́ sígbà ọyẹ́. Ètè gbogbo ènìyàn bó, ọ̀fun gbogbo ènìyàn gbẹ. Ìyá mi rù. Ọrùn wọn ń yọ nínú aṣọ, ó sì ń rẹ̀ wọ́n débi pé wọ́n á sùn lọ nídìí káńtà, àwọn télọ̀ á jí wọn kí wọ́n tó lè ra òwú. Ojú wọn ń ṣe bàìbàì, wọn ò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, wọ́n sì ń bẹ oníbàárà pé kó bá wọn bọ̀ ọ́. Bí a bá ṣínu tán, wọ́n á mu omi, wọ́n á tún mu omi. A ní ààwẹ̀ ni. Wọ́n ń lọ tọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, a ní omi tí wọ́n mu ní sààrì ni. Kò sí ohun tí a ò rí àlàyé ṣe fún. Ìmáàmù àdúgbò wa sọ fún wọn pé ẹni tí ara rẹ̀ ò le lè sinmi ààwẹ̀, kó san án padà lẹ́yìn ọdún. Ìyá mi ní ara àwọn le.

Èmi ni mo tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n wá síwájú ẹ̀rọ. Wọn ò fẹ́. Wọ́n ní ṣé kò sí nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan tó lè wo àwọn. Ojú tì mí. Mo sọ fún wọn pé ayé ti kọjá ìyẹn, pé àwọn ènìyàn ńlá ń ti Bódìjà wá tò sẹ́nu ọ̀nà wa, àwọn tí ọmọ wọn wà nídìí rẹ̀ gan-an ló wá ń kọ̀ ọ́. Ìyá mi wọ aṣọ dáadáa, wọ́n bá mi lọ. Mo mú wọn kọjá níwájú àwọn tó ń dúró, inú mi ń dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí kápẹ́ẹ̀tì búlúù. Ẹsẹ̀ wọn kò tó apá méjì sí mi. Bí mo bá wolẹ̀, ǹ bá ti rí i. Ojú ẹ̀rọ ni mò ń wò.

Ẹ̀rọ béèrè bóyá òùngbẹ ń gbẹ wọ́n jù. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́, torí òùngbẹ ààwẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ó béèrè bóyá wọ́n ń tọ̀ jù. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó béèrè bóyá wọ́n ti rù. Ta ni kì í rù nínú ààwẹ̀? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tó kan iye ọmọ, inú mi dùn díẹ̀, torí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù púpọ̀, nọ́ńbà tí mo fẹ́ tẹ̀ jẹ́ òótọ́. Mẹ́rin. Mélòó ló kú? Òdo. Ó béèrè bí ọmọ tó tóbi jù ṣe tóbi tó. Mo rántí àbúrò mi tó kẹ́yìn. Títí di òní ni wọ́n ń sọ ọ́ nílé wa pé ọjọ́ tí wọ́n bí i, àwọn nọ́ọ̀sì gbé e káàkiri wọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń fi í han ara wọn, pé ó dà bí ọmọ tó ti lo oṣù mẹ́ta láyé. Oríyìn ni ìyẹn. Kí ni oríyìn ń wá láàárín àìsàn? Mo fò ó.

Ìyá mi ń wo ẹnu mi. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n béèrè kí ni ẹ̀rọ ń bi mí tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́ báyẹn. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé mo mọ̀ ọ́n.

Bébà jáde. Ibà ló wà lókè, àìtó ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e, ọgbẹ́ inú ló kẹ́yìn. Dókítà wà lórí tẹlifóònù. Ó buwọ́ lù ú láìwo ojú ìyá mi, ó kọ oògùn ibà, abẹ́rẹ́, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi, ó tún ní kí wọ́n máa mu gúlúkóòsì kí okun lè wọ ara. Èmi fúnra mi ni mo ń lọ ra gúlúkóòsì náà. Bí wọ́n bá ti ṣínu, màá bù ú sómi fún wọn, ṣíbí mẹ́ta, mẹ́rin, màá dúró tì wọ́n kí wọ́n mu ún tán. Wọ́n á súre fún mi. Bí mo bá rántí àdúrà yẹn, ara mi á bù máṣọ.

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ kọjá, ara kò yá. Ìyá mi wá gba abẹ́rẹ́ tó kù. Wọn ò tíì jókòó tán lọ́dọ̀ Ìyá Nọ́ọ̀sì tí nọ́ọ̀sì náà fi gbé imú sókè, wọ́n sì ní kí ìyá mi bọ́ bàtà. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo fẹ́ wọlé. Ìyá Nọ́ọ̀sì ní kí n máa lọ sídìí ẹ̀rọ mi. Mo dúró síta. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kí ara wọn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìlú ìyá mi. Mo gbọ́ tí Ìyá Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá èèrà máa ń jọ síbi tí wọ́n bá tọ̀ sí. Mo gbọ́ ẹ̀rín díẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Nọ́ọ̀sì jáde, abọ́ irin kékeré kan wà lọ́wọ́ wọn. Ìdajì abẹ́rẹ́ máṣíìnì ló wà nínú rẹ̀, ó ti dúdú. Àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá mi ni wọ́n ti yọ ọ́. Ìyá mi ò mọ ìgbà tó wọbẹ̀, torí kò dùn wọ́n, ẹsẹ̀ náà sì ti ń kú láti inú. Ìyá Nọ́ọ̀sì fi ìtọ̀ wọn sórí iná pẹ̀lú oògùn búlúù tí wọ́n fi ń dá ṣúgà mọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́. Mo wò ó bó ṣe ń yí padà títí ó fi pọ́n bí erùpẹ̀ ojú ọ̀nà. Ìtọ̀ ṣúgà ni. Ó ti pẹ́ lára wọn.

Ìyá Nọ́ọ̀sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n béèrè bóyá mo mọ̀ pé ọmọ mẹ́ta ṣáájú mi. Mi ò mọ̀. Wọ́n ní ọmọ ńláńlá ni gbogbo wọn, ọjọ́ tí wọ́n wáyé náà ni wọ́n lọ, pé obìnrin tó bá ń bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mo ní wọn ò sọ fún mi rí. Ìyá Nọ́ọ̀sì kàn pe orúkọ mi, orúkọ tí wọ́n ń pè mí nílé, wọ́n sì ń wò mí. Irú orúkọ tí wọ́n fi ń bẹ ọmọ pé kó dúró ni. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń fi í pè mí, mo ń jẹ́ ẹ, mo sì jókòó síwájú ẹ̀rọ, mo tẹ òdo.

Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba la gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbìyànjú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹwàá, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún.

Inú ń bí mi ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Mo padà sí Ring Road lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kì í ṣe láti ṣiṣẹ́. Mo ti pinnu pé màá tẹ òótọ́ sínú ẹ̀rọ yẹn, kó tún kọ ibà fún mi, kí n wá fi bébà náà lu Dókítà lójú níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Mo jókòó. Òùngbẹ, bẹ́ẹ̀ ni. Ìtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti rù, bẹ́ẹ̀ ni. Ojú, bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ méje. Mẹ́ta kú. Ọmọ tó tóbi jù, mo tẹ ìwúwo tí àwọn ará ilé wa fi ń yangàn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé han.

Ìtọ̀ ṣúgà ló wà lókè pátápátá. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé kí wọ́n yẹ ìtọ̀ aláìsàn wò lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wò dáadáa.

Ẹ̀rọ tí mo wá bá jà kò jẹ mí ní nǹkan kan. Dókítà wọlé, ó mú bébà náà lọ́wọ́ mi, ó kà á, ojú rẹ̀ sì tàn. Kò béèrè ti ta ni. Ó ní ṣé mo rí bí ẹ̀rọ náà ṣe mọ iṣẹ́ tó, ó ní kí n tẹ ẹ̀dà kan sí i, ó sì fi í sínú fáìlì tó máa ń fi han àwọn àlejò. Mo tẹ ẹ̀dà náà fún un. Mo tẹ ìkẹta fún ara mi, mo fà á ya kúrò lára èyí tó kù, mo wọ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Mo gbọ́ pé ó fi ẹ̀dà tirẹ̀ yangàn fún ọdún púpọ̀. Kì bá tí ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá wo ẹsẹ̀ ènìyàn kan ṣoṣo lórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ láti bú u? Dókítà wà lórí tẹlifóònù. Èmi ni mo sún mọ́ ẹsẹ̀ náà jù.

Ọ̀sán ni mo dé wọ́ọ̀dù. Ìyá mi jókòó, wọ́n fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn wọn, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà. Wọ́n rí bébà lọ́wọ́ mi, wọ́n béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo kà á fún wọn ní Yorùbá, láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan ibi tó ti ní kí wọ́n yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò. Ìyá mi ní ṣé ẹ̀rọ wa ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni. Mo ní rárá. Mo sọ ohun tó ti béèrè lọ́wọ́ mi lọ́jọ́sí fún wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dé orí iye ọmọ.

"Mẹ́rin ni mo tẹ̀ sí i, màámi."

Wọ́n fa ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà méjì mẹ́ta kọjá láàárín ìka. Mo rò pé wọ́n máa ní kò séwu, bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún mi láti kékeré bí mo bá fọ́ nǹkan.

"Méje ni," ni wọ́n wí. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí, mi ò sì tún gbọ́ ọ mọ́ títí wọ́n fi kú. Wọ́n wo bébà náà, wọ́n wá wojú mi. "Ẹ̀rọ béèrè lọ́wọ́ ẹ. Ìwọ ò béèrè lọ́wọ́ mi."

Wọ́n ní kí n bá wọn fa aṣọ ìbora bo ẹsẹ̀ wọn. Mo fà á bo èyí tó kù.